Ìlà Pupa Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Ọkùnrin tó jókòó sí tábìlì keje tún dá tíì padà, ìgbà kẹta rèé. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ó tutù. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó gbóná jù. Ní báyìí, ó kàn fi ìka kan ti ife náà sí etí tábìlì, kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní òun ò mọ ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣe é.

"Kò séwu, Sà," ni obìnrin agbáwo náà wí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife náà lé orí àwo mẹ́rin tó ti tò sí apá òsì rẹ̀, ó yí padà, ó sì ń ka kóòdù ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ sínú bó ti ń lọ: bí orúkọ bá ti wọlé, gba tábìlì, bí tábìlì bá ti wọlé, gba wákàtí, lẹ́yìn náà, kọ gbogbo rẹ̀ sínú àkójọ. Kí ló wá dé tí kì í kọ ọ́?

Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń gbé àwo nínú yàrá ìjẹun òtẹ́ẹ̀lì yìí. Ó ti sọ "kò séwu" débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbàgbé orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Kò-séwu ni wọ́n ń pè é, láti orí ẹni tó ń fọ àwo títí dé orí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Kò bínú sí i. Orúkọ tó burú ju ìyẹn lọ wà nílẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà tó ti ilé ìdáná bọ́ sí yàrá ìjẹun, dígí gígùn kan wà lára ògiri, ìlà pupa kan sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Alábòójútó wọn fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà fà á. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlà kì í kọjá ìlà. Bí oúnjẹ jóná, bí omi gbẹ, bí alásè àti ẹni tó ń fọ àwo bá ń fa ara wọn láṣọ ya, àlejò kò gbọdọ̀ mọ̀. Kí o tó gbé ẹsẹ̀ kọjá, wo dígí, fi eyín hàn. Bí ojú rẹ bá fà ro, tí alábòójútó sì wà nítòsí, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wàá gbọ́: "Eyín dà?" Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Màdáàmù Eyín, bó bá ti kọ ẹ̀yìn.

Kò-séwu kọjá ìlà, ó da tíì náà nù, ó bu òmíràn láti inú kẹ́tùlù kan náà sínú ife mìíràn, ó wo dígí, ó fi eyín hàn, ó gbé e padà. Ọkùnrin náà tọ́ ọ wò, ó sì mi orí bí onídàájọ́.

"Ìwọ náà rí i báyìí," ni ó wí.

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ń hó ju tíì lọ.

Kò tilẹ̀ yẹ kó wà níbí rárá lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ló ti gba ààyè, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó, gbogbo ènìyàn ló rí i. Ṣùgbọ́n ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni fóònù dún. Èrò ogójì ti dé lójijì láti ìrìn-àjò, agbáwo méjì ń ṣàìsàn. Kí ó ṣáà wá di aago méjìlá. Ó jókòó sí etí ibùsùn, fóònù wà létí rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń wí pé rárá, ẹnu rẹ̀ sì wí pé, "Kò séwu, mà." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ló sì ń jẹ ìyà náà, nítorí ẹ̀rín tó ti ń rín láti aago méje ti mú kó máa dùn ún.

Ní aago méjì ọ̀sán, ẹnì kan ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Yóò wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì tí Kò-séwu ti ń lọ láti oṣù mẹ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ àti ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Méje ni wọ́n nínú kíláàsì náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ náà fẹ́ mú, wọn kò sì sọ pé àwọn yóò padà wá. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Orúnkún rẹ̀ ti ń dún lórí àtẹ̀gùn bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Bí ti òní bá bọ́, ó mọ̀ pé àwo ni òun yóò máa gbé títí orúnkún yóò fi sọ fún òun pé ó tó.

Ohun tó sì ń dí i lọ́wọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Ètò tó kọ, ti gbígba tábìlì sílẹ̀ ni: àlejò yóò tẹ orúkọ rẹ̀, yóò mú tábìlì tó fẹ́ àti wákàtí tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ ọ́ sínú àkójọ. Iṣẹ́ tó ti fi ọwọ́ ṣe fún ọdún mọ́kànlá ni. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àdúrà àtijí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́wàá bá gba tábìlì, mẹ́jọ ni yóò bá nínú àkójọ. Àwọn méjì yòókù á ti di àwátì. Kọ̀ǹpútà kò sì sọ nǹkan kan fún un ju ọ̀rọ̀ tó fi ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn lọ: Kò séwu, a ti gbà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó ti tún apá tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀meje. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ kan lé e lórí. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá a wí lórúkọ Jésù, ó sì ní kí ó tún un wò. Ó tún un wò. Mẹ́jọ ni.

"A jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń wá ìwé orin rẹ̀. "Oríkunkun ni."

Nígbà tí aago mọ́kànlá kù díẹ̀, ìdílé kan wọlé: ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ, àti ìyá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn, tí wọ́n fi òdòdó kékeré kan sí aṣọ rẹ̀ láyà. Mẹ́jọ ni gbogbo wọn. Ìyá àgbà náà pé àádọ́rin ọdún lónìí. Ọkùnrin náà ní òun ti pè lánàá láti gba tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí pé ìyá òun fẹ́ràn láti máa wo òde.

Màdáàmù Eyín ṣí ìwé. Ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì ti kún fún àwọn èrò ogójì, tí wọ́n ń bèèrè ẹyin sí i.

"Ta ló gbé fóònù lánàá?" Ó bèèrè láàárín eyín, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Kò-séwu ti mọ̀ kí ó tó bèèrè. Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, òun ló gbé e. Ohùn ẹni náà ń já, ó ń ha bí ẹni ń fa àga lórí síméńtì. "Lọ́la" ni ó gbọ́, ó sì gbọ́ "ìyá mi." Ó ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ; kò gbọ́. Ó ní kí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i; kò gbọ́ síbẹ̀. Àlejò kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta ní òtẹ́ẹ̀lì yìí. Ìyẹn náà wà nínú òfin. Ló bá ní, "Kò séwu, Sà," ọkùnrin náà dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sínú ìwé, nítorí kò rí nǹkan kan tí yóò kọ.

"Èmi ni," ni ó wí.

Ọkùnrin náà yíjú sí i. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ẹ̀yin lẹ bá mi sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Sà. Mi ò gbọ́ yín dáadáa."

"Ẹ ò gbọ́ mi, ẹ wá ní kò séwu." Ó wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́. "Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò gbọ́ mi ni, ǹ bá tún un pè."

Kò-séwu fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀. Ọkùnrin náà mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà ló kẹ́yìn nítorí ọ̀pá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kò-séwu, ó dúró, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀.

"Má jẹ́ kó dùn ọ́, ọmọ mi. Ebi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ pa mí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju èébú lọ.

Lẹ́yìn ìlà pupa, Màdáàmù Eyín bọ́ ẹ̀rín rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà tó há. Ó ní ènìyàn mẹ́jọ ti lọ, wọn yóò sọ fún mẹ́jọ mìíràn. Ó ní ẹni tó bá da omi sílẹ̀ ló yẹ kó nù ún. Nítorí náà kò sí lílọ ní aago méjìlá mọ́. Àwọn èrò ogójì yóò jẹun ọ̀sán, Kò-séwu ni yóò gbé e fún wọn, di aago mẹ́rin. Ṣé ó gbọ́?

"Kò séwu, mà."

Bó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó ṣe é bíi kó fọwọ́ gbá a mú kó dá a padà. Ó dúró lójú kan nígbà tí Màdáàmù Eyín ń kọjá ìlà pẹ̀lú eyín funfun. Ó wo aago ara ògiri. Ó wo àwọn àwo tó dọ̀tí. Olúwa, ó wí nínú ara rẹ̀, irú ẹnu wo lẹ fún mi yìí?

Nígbà tí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gba ẹ̀yìn jáde, láàárín àwọn garawa ìdọ̀tí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti dé ibùdókọ̀ kí ó tó rántí pé épírọ́ọ̀nù ṣì wà lára òun.

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kún. Ìkejì kò dúró, awakọ̀ rẹ̀ kàn juwọ́ sí wọn bí ẹni ń kí ìbátan. Ìkẹta dúró, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ibùdókọ̀ méjì, awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti lọ wo táyà, ó sì bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà títí tí gbogbo inú ọkọ̀ fi ń kùn. Kò-séwu kò bá wọn kùn. Àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀ ni ó ti ọwọ́ bọ̀, ó mú bébà tó fi ọwọ́ da ètò náà kọ jáde, èyí tó ti ń kà ní kọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Epo bọ́tà ti kan án. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ojú rẹ̀ lọ tààrà síbi apá tó ń kọ orúkọ sílẹ̀, bó ti máa ń lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì wá.

Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò gbọ́ mi ni.

Ó dúró. Ó fi ojú wá ìsàlẹ̀ bébà náà, ibi tí kì í kà mọ́ nítorí ó gbà pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni. Ó rántí ọjọ́ tó kọ wọ́n. Ní oṣù kẹta kíláàsì ni, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí olúkúlùkù fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn yòókù. Tirẹ̀ ṣubú lulẹ̀ lójú gbogbo wọn; ọ̀rọ̀ pupa bo ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bá a bí ẹni tí àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín yàrá ìjẹun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó wá ọ̀nà tí irú rẹ̀ kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ó sì rí i. Ohun tí ìlà mẹ́ta náà ń wí kò ju èyí lọ: bí ohunkóhun bá bàjẹ́, ohun yòówù kó jẹ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni, sọ pé kò séwu, a ti gbà á.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó fa ìlà pupa sẹ́nu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, ó gbé dígí kọ́ síbẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní eyín. Ẹ̀rọ náà ti ń kọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ń ké nínú, òun ló fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, tó tún wá ń bi í pé kí ló ń ṣe é. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ẹ̀ẹ̀meje! Ààwẹ̀ ọjọ́ kan!

"Ṣé kò sí nǹkan, mà?" Obìnrin tó jókòó tì í ló bèèrè, nítorí ó ti ń fi bébà náà lu orúnkún ara rẹ̀.

Ó ti ya ẹnu láti dá a lóhùn bó ti máa ń ṣe. Ó pa á dé.

Kíláàsì wọn wà ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Ooru áyọ́ọ̀nù àti òórùn ọṣẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀. Aago kan ààbọ̀ ti lù nígbà tó wọlé. Onígbàjámọ̀ ti jókòó. Ọkùnrin tó ti gé irun fún ogún ọdún ni, òun ló dàgbà jù nínú wọn, gbogbo wọn sì ń pè é ní Bàbá Onígbàjámọ̀. Ètò tirẹ̀ ń to àwọn oníbàárà sí ipò kí wọ́n má baà jà sí ẹni tó kàn. Ó ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ aláìgbọràn.

"Bí mo bá ba orí ènìyàn jẹ́," ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, "ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti hù padà. Èyí kì í hù."

Kò-séwu kò tíì jókòó dáadáa kó tó pa ìlà mẹ́ta náà rẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tẹ orúkọ mẹ́wàá wọlé bó ti máa ń ṣe. Mẹ́ta wọlé. Lórí ìkẹrin, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n.

Ó kà á. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ le. Àkójọ náà ń sọ pé òun kò lè gba ẹlòmíràn sí tábìlì kan ní wákàtí kan tí ẹnì kan ti gbà á. Ó bójú mu bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé àwo rí mọ̀ pé ènìyàn méjì kì í jókòó sórí àga kan.

Ó pe Tíṣà. Ọmọkùnrin náà kéré sí i ní ọdún mẹ́wàá, ó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, òun náà kò sì yé fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nítorí ohun tó ń kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi bi í lọ́jọ́sí pé kí ni kọ̀ǹpútà ń wí bó bá kọ̀, tó ní kì í kọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ogún ìṣẹ́jú. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ láti wo tábìlì tó ṣófo, kó fi lọ àlejò. Ó wo aago. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá ìlà mẹ́ta yẹn padà fún òní nìkan. Orúkọ kan ni wọ́n máa tẹ̀, ó pọ̀ tán, méjì. Bó bá ṣáà ti rẹ́rìn-ín fún wọn, ó parí."

"Òótọ́ lọmọ yẹn sọ," ni Bàbá Onígbàjámọ̀ gbà á. "Ta ló máa ń fi ẹ̀yìn orí han oníbàárà láìjẹ́ pé ó bèèrè?"

Òótọ́ ni. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó gbé ìka lé bọ́tìnì. Ìlà mẹ́ta péré, á padà sípò, wọn ó tẹ orúkọ kan, kọ̀ǹpútà á rẹ́rìn-ín, bóyá ọ̀la orúnkún rẹ̀ á sinmi. Nǹkan tó ti ń fi ẹkún bèèrè fún oṣù mẹ́sàn-án ni. Ó wá rí ìyá àgbà náà, òdòdó láyà, tó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ bó ti ń jáde lọ. Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

Obìnrin ni ẹni tí ilé iṣẹ́ náà rán wá. Ó fi okùn gbé awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni mẹ́rin ló fi iṣẹ́ wọn hàn ṣáájú Kò-séwu. Gbogbo rẹ̀ ló ń dán lára ògiri funfun tí wọ́n ń tan ojú kọ̀ǹpútà sí, gbogbo rẹ̀ ló lọ geere, obìnrin náà ń kọ nǹkan kúkúrú sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó kan Kò-séwu, ó dìde fúnra rẹ̀, ó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ orúkọ kan wọlé: tábìlì kẹrin, aago kan ọ̀sán. Ó wọlé. Ó tẹ òmíràn: tábìlì kẹrin, aago kan ọ̀sán.

Irú ènìyàn tó ń dá tíì padà ni, Kò-séwu rò ó nínú ara rẹ̀.

Ògiri náà pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìró áyọ́ọ̀nù ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ̀rín náà ti ń bọ̀, bí eyín ti ń múra, bí "Ẹ má bínú, mà, kò séwu" ti to ara rẹ̀ jọ sórí ahọ́n. Ó jẹ́ kí ó kọjá. Ojú rẹ̀ wà bó ti wà.

"Ó kọ̀ nítorí ẹnì kan ti gba tábìlì yẹn," ni ó wí. "Ó ti ń kọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó lẹ́nu. Òní ni mo tó rí i. Mi ò tíì tún un ṣe."

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló kọ́ yín láti bò ó lẹ́nu?"

"Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni, mà."

Lẹ́yìn yàrá, Bàbá Onígbàjámọ̀ rọra yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹta kíláàsì, òun náà ti tọrọ ìlà mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ Kò-séwu.

"Ọjọ́ mélòó lẹ máa fi tún un ṣe?"

"Ọjọ́ kan. Tàbí méjì." Ó tún wo ògiri pupa náà. "Mi ò mọ̀, mà."

Kò rántí ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé, ó pẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ó bi í bí ó ti pẹ́ tó nínú iṣẹ́ àwo, ó sì bi í pé mélòó ni ó lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, tí olúkúlùkù ń di ẹrù, ó pè é sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí ó wá parí ètò náà lọ́dọ̀ àwọn, lọ́jọ́ Ajé, aago méje ààbọ̀. Àwọn yóò wo iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, òun náà yóò sì wo àwọn. Kò ṣèlérí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí àtẹ̀gùn alágbàfọ̀, ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Màdáàmù Eyín ti pè. Ó wo nọ́ńbà náà títí, ó gbàdúrà tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, ó sì pè é padà.

Ohùn alábòójútó náà ti há. Ó ní òun wá a dé ilé ìwẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ló gbé oúnjẹ fún èrò ogójì, pẹ̀lú bàtà gíga. "O ní kò séwu. O dúró níwájú mi, o ní kò séwu."

"Irọ́ ni mo pa fún yín, mà," ni Kò-séwu wí. "Mo ní ibi tí mò ń lọ. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé mi ò ní lè dúró. Mi ò sì ní wá lọ́jọ́ Ajé, mà. Mo ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Màá wá lọ́la láti wá sọ ọ́ lójú yín."

Ó dúró de èébú. Ìró àwo ni ó gbọ́, ẹnì kan ń tò wọ́n léra.

"Ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀," ni Màdáàmù Eyín wí nígbẹ̀yìn. Kò sí eyín nínú ohùn náà. Ó dà bí ohùn ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. "Ǹ bá ti wá ẹlòmíràn." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó dé ilé. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, ìwé orin wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ̀. Kò kà á, ọ̀nà ni ó ń wò. Ó rí épírọ́ọ̀nù. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì wá ẹ̀rín kan níbẹ̀ tí kò rí.

"Ṣé kò séwu?"

"Ó ń bẹ, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tó wà."

Ìyá rẹ̀ kò bèèrè ohun tó jẹ́. Ó ṣì ń wo ojú náà, tí ẹnikẹ́ni kò to ẹ̀rín sí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀.

"Ó rẹ̀ ẹ́."

"Ó rẹ̀ mí, Màmá."

Ìyá rẹ̀ pa ìwé orin dé. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì náà, ó sì fọwọ́ nu àyè tó ṣí sílẹ̀ fún un.